Èló Ni Udà Yìí?

Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n ń gbé sórí Instagram tà bí ohun àtijọ́, idà ló máa ń bí mi nínú jù. Tó bá jẹ́ ère, ẹ ó rí ẹni tó máa sọ pé ti Ìbejì ni tàbí ti Ṣàngó. Kódà bó bá ń parọ́, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní ìtàn kan lẹ́nu. Tó bá wá kan idà, ìlà kan péré ni: idà Yorùbá, èèkù idẹ, ó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, iye owó. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò kọ sísàlẹ̀ pé, "Last price?" Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó bi ìkejì rẹ̀ pé ta ló rọ irin yẹn, ta ló gbé e rí, oyè wo ló sì fún un láṣẹ láti gbé e.

Bí a ṣe ń díye lé idà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ni mo fẹ́ bá wí. Màá mú Ọ̀wọ̀ mọ́ ọn, torí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ idà ní ìpínlẹ̀ yìí tí kò ní í dé Ọ̀wọ̀. Màá tún gba Japan kọjá. Ẹ má bínú, ó ní ìdí.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lọ́nà. Ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, udà ni yóò pe idà. Ní Benin tó múlé gbè wá, ada ni wọ́n ń pe idà àṣẹ tí wọ́n máa ń gbé níwájú Ọba, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé e ni wọ́n sì ń pè ní omada. Wọ́n tún ní èyí tó fẹ̀ bí ewé, eben, tí àwọn ìjòyè máa ń fi jó níwájú Ọba, tí wọ́n á máa fi í yí lọ́wọ́, tí kò sì gbọdọ̀ já bọ́. Ẹ wo udà, ẹ wo ada, ẹ wá wo àdá tí bàbá yín fi ń ṣánko. Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè, mi ò ní í jà sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti Benin dé Ọ̀wọ̀, dé Àkúrẹ́, dé Oǹdó, dé Èkìtì, idà tí ìjòyè ń gbé lọ́jọ́ ọdún kì í sábà ṣe ohun ìjà. Oyè ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí a kò fi jẹ, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú àtigbé e, kó wá wo ojú tí àwọn àgbà máa fi wò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí udà kan ṣe níye lórí tó, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò sí lára udà rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e ló wà.

Ọ̀wọ̀ ló fi èyí hàn jù. Wọ́n ní idà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Udàmalóre, tí Rowland Abíọ́dún ti kọ̀wé lé lórí, tí orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ọmọ tí a bí ire, ọmọ ilé ńlá. Èyí tó lókìkí jù nínú irú idà yìí, eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n dá ihò sí i lára bí ẹni ta àwọ̀n, wọ́n gbẹ́ àwòrán èèyàn àti ẹranko sí i. Ojú mímú dà? Kò sí. Idà tí kò lè gé ẹ̀kọ ni. Ìjòyè ńlá ló ń so ó mọ́ ìbàdí nígbà tó bá wọ òrùfanràn, ẹ̀wù pupa tí wọ́n to ìpẹ́ akika àti eyín erin gbígbẹ́ sí lára. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lọ jagun mọ́. Ó ń sọ fún ìlú pé ilé tí wọ́n ti mọ ogun ni òun ti wá, àti pé inú àbọ̀ ogun yẹn ni oyè òun ti jáde.

Ẹ gbé Udàmalóre fún ẹni tó ń fi mímú irin mọ idà, yóò ní kì í ṣe idà. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń lu gbàǹjo ní ìlú òyìnbó, eyín erin ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Kódà òfin pàápàá, eyín erin ló ń rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin eyín erin tí wọ́n ṣe ní 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, kò jẹ́ kí wọ́n ta ohun tí a fi eyín erin ṣe àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 tó sì ní iye àrà ọ̀tọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà tàbí ìtàn. (Ọdún 1918 yìí kan náà tún wà nínú òfin Nàìjíríà. Màá padà sí i.) Ta wá ló máa sọ fún ẹni tó jókòó sí London bóyá Udàmalóre kan ní iye àrà ọ̀tọ̀? Ẹni tó mọ eyín erin, àbí ẹni tó mọ ilé tí wọ́n ti gbé e jáde?

Ibi tí Japan ti wọlé nìyí. Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti sọ wíwo idà di ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan wà níbẹ̀, Hon'ami, tó fi ọ̀pọ̀ ìran ṣe iṣẹ́ yìí: kí wọ́n dán idà, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́. Ní 1719, wọ́n to orúkọ àwọn idà olókìkí ilẹ̀ náà sínú ìwé fún Tokugawa Yoshimune tó wà lórí àlééfà nígbà náà. Orúkọ ẹni tó rọ idà, gígùn rẹ̀, ilé tó wà, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn. 1719, ẹ̀yin èèyàn mi.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ èèkù kúrò. Èèkàn ọparun kékeré kan ló di èèkù mọ́ irin. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, irin á jáde níhòòhò. Ibi tó máa ń fara pamọ́ sínú èèkù yẹn, ìrù irin náà, ni alágbẹ̀dẹ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ a máa dípẹtà, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fọ ìpẹtà yẹn, torí àwọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí idà. Ẹni tó bá fi yanrìn bó o kó lè dán ti pa ẹlẹ́rìí.

Orúkọ nìkan kò sì tó, torí irọ́ orúkọ pọ̀ lára idà Japan bí irọ́ orúkọ ṣe pọ̀ lára báàgì ní Balógun. Masamune, tí wọ́n gbà pé ó ju gbogbo alágbẹ̀dẹ wọn lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ idà tí wọ́n kà sí tirẹ̀ ni kò ní orúkọ lára. Ojú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣe ìpàdé tí wọ́n á ti bo ìrù idà mọ́lẹ̀, kálukú á wo ìrísí rẹ̀, á wo bí irin ṣe ká lu ara rẹ̀, á wo ìlà tó ń lọ lẹ́bàá ojú rẹ̀ bí ìgbì omi, lẹ́yìn náà á kọ orúkọ ẹni tó rò pé ó rọ ọ́ sí ìwé pélébé kan. Ó rán mi létí àwọn bàbá tó máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n á gbọ́ ìlù láti àdúgbò kejì, tí wọ́n á sì sọ ọmọ ẹni tó ń lù ú. Irú etí yẹn ni, ojú ni wọ́n gbé e sí.

Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ara idà wá ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Àwo irin róbótó tó máa ń wà láàárín èèkù àti ojú idà, tsuba, àwọn kan wà tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kó òun nìkan jọ, láìní idà kan ṣoṣo nílé. Ìdílé Gotō gba orúkọ ńlá lórí iṣẹ́ yìí, wọn ò sì rọ idà. Nígbà tí ìjọba wọn fòfin de gbígbé idà kiri ní 1876, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ara idà náà bá ń fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn ṣe ìkòkò òdòdó àti ohun ẹ̀ṣọ́ tábìlì fún òyìnbó. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba idà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn tó mọ iyì rẹ̀ ló dìde tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Ní 1948 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, NBTHK, tó ń fún idà ní ìwé ẹ̀rí ní ìpele mẹ́rin.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ìwé ẹ̀rí yẹn ti di òrìṣà fún àwọn kan: ìwé ni wọ́n ń rà, idà kàn tẹ̀lé e wálé ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò lè fojú fò. Wọ́n ya irin sọ́tọ̀, wọ́n ya ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀, wọ́n wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀.

Níbí ńkọ́? Oníṣòwò ohun àtijọ́ kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ kò tiẹ̀ fi bò rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú idẹ lowó wà. Irin ò ní nǹkan kan nínú." Mo béèrè ohun tó máa ń ṣe sí irin tó bá ti jẹrà. Ó ní òun á yọ ọ́, òun á kó o fún àwọn ọmọ tó ń ti bàrò kiri ra irin tó ti bàjẹ́. Kílò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Èèkù nìkan ló máa ń lọ sí Èkó. Tí oníbàárà bá ń fẹ́ odidi idà, wọ́n á gbé èèkù lọ bá alágbẹ̀dẹ kó fi irin sípíríǹgì mọ́tò rọ ojú tuntun sí i.

Ẹ dúró ná, kí ẹ má tíì bú alágbẹ̀dẹ yẹn. Rírọ ojú tuntun sí èèkù àtijọ́ kì í ṣe jìbìtì fúnra rẹ̀. Irin ń jẹrà, oyè kì í jẹrà. Bí udà oyè kan bá ti ṣẹ́, tí ìdílé tàbí ìlú gbé e lọ sí ilé arọ́ pé kí wọ́n tún un rọ, udà yẹn ṣì ni. Ní Japan pàápàá wọ́n gé ọ̀pọ̀ idà gígùn kúrú láyé àtijọ́ kó lè bá ẹni tó jogún rẹ̀ mu. Ìrù rẹ̀ ni wọ́n ń gé, orúkọ alágbẹ̀dẹ sì máa ń bá a lọ. Wọn ò torí ìyẹn sọ irú idà bẹ́ẹ̀ nù. Wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gé e ni. Ohun tó di jìbìtì níbí ni pé wọ́n pààrọ̀ irin, wọn ò sọ, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé "ó ti lé ní igba ọdún."

Irin tí wọ́n ń dà sínú bàrò yẹn sì lè jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Yorùbá kò fi ìgbà kankan dúró de òyìnbó kí wọ́n tó ní irin. Inú òkúta ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní 1904, C. V. Bellamy kọ ìròyìn sínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ìyọrin kan tó rí ní Ọlá-Ìgbí, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí iná ṣì ń jó níbẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Irin olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ló pa iṣẹ́ yẹn. Ìdàrọ́ tó ṣẹ́kù nílẹ̀ káàkiri ni ẹlẹ́rìí. Bí udà kan bá wá ní irin tí wọ́n yọ nílẹ̀ yìí lára, tí ẹnì kan wá yọ irin yẹn dànù torí kó lè rí èèkù idẹ tà, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Àwọn ará Japan tún iná ìyọrin tiwọn dá ní 1977 nítorí idà nìkan, kí àwọn alágbẹ̀dẹ wọn lè rí irin gidi lò. Àwa ń ta tiwa ní kílò.

Idẹ tí wọ́n ń fọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ilé, wọ́n máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ kí ọdún tó dé. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn. Ìyàwó ilé tàbí ọmọ ilé tó ń fọ udà bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, ara ìgbésí ayé udà náà ni. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún irú fífọ̀ bẹ́ẹ̀, àwòrán tó wà lára idẹ á ti rọ̀, imú ère kékeré tó wà lórí èèkù á ti fẹ́ pa rẹ́, ibi tí ọwọ́ ń di mú á ti máa dán lọ́nà tó yàtọ̀ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá mọ nǹkan, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ayédèrú kì í mọ ibi tí ọwọ́ ń gbà. Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ fún oṣù díẹ̀, wọ́n á da omi iyọ̀ sí i, á sì wú ewé lára káàkiri, lọ́gbọọgba, nínú kọ̀rọ̀ àti lórí gegele. Ohun tí èèyàn lò fún ọgọ́rùn-ún ọdún kì í gbó lọ́gbọọgba. Ẹ wo ìdérí ìkòkò màmá yín.

Ọ̀tọ̀ ni ti oníṣòwò tó gbé Brasso jáde torí kó lè ya fọ́tò. Bó bá jẹ́ udà tó ti jókòó lójú Ògún ni, ohun tó ń nù kúrò kì í ṣe ìdọ̀tí. Nílùú Oǹdó, ọdún Ògún kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ nìkan, ìlú ló ni ín. Jacob Olúpọ̀nà fi ààyè gidi sílẹ̀ fún un nínú ìwé tó kọ lórí àwọn ọdún Oǹdó, tó jáde ní 1991. Epo tí wọ́n ta sí irin, ẹ̀jẹ̀ ajá tó gbẹ sí i, àwọn ni àkọsílẹ̀ iye ọdún tó ti wà níbẹ̀. Irin tó wúwo jù níwájú Ògún sì lè jẹ́ irin lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Títí di òní, ẹni tí kì í búra pẹ̀lú Bíbélì tàbí Kùránì lè fi irin búra ní kóòtù Nàìjíríà, irin yẹn kì í sì í ṣe idẹ oníṣọ̀nà. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ fún oníṣòwò wa, ẹ wo iye tó máa fún yín. Bàrò.

Kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni mo ní lọ́kàn. Àwọn musíọ́ọ̀mù náà ní ẹ̀jọ́ tiwọn. Ní 2018, Fowler Museum ní Los Angeles ṣe àfihàn kan tí wọ́n pè ní Striking Iron, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Áfíríkà, tó lé ní 225. Alágbẹ̀dẹ gidi, Tom Joyce, ló léwájú àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ó gba Washington lọ sí Paris. Inú mi dùn sí àfihàn yẹn, torí ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń kó ère igi wa ṣe fọ́rífọ́rí tí wọ́n sì ń pa irin tì sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ bí ẹwìrì ṣe ń fẹ́ ló lè fi irú ojú yẹn wò ó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rin ilé àkójọ ohun àtijọ́ èyíkéyìí ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, tí ẹ dé iwájú irin Áfíríkà, ìwé pélébé tó wà lábẹ́ rẹ̀ sábà máa ń sọ ẹ̀yà, á sọ ọ̀rúndún, á wá dákẹ́. "Yorùbá" ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ alágbẹ̀dẹ wà. Yorùbá ló rọ ọ́? Gbogbo wa?

Wọ́n á ní àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò kọ orúkọ sára irin. Òótọ́ ni, wọn ò kọ ọ́. Ẹnu ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Agbẹ́gilére ni, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ọba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, ó wọ ojú British Museum débi pé wọ́n ṣe ìtẹ́ tuntun fún ọba kí wọ́n lè fi gba ilẹ̀kùn náà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ìyàwó rẹ̀, Olójú-ifun, ṣì wà láyé, ó sì ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton tó gbà á sílẹ̀. Inú oríkì yẹn ni wọ́n ti rí àwọn iṣẹ́ tó ṣe àti àwọn ààfin tó ti ṣe é. Obìnrin kan ló gbé ìwé ẹ̀rí sínú ọpọlọ fún àádọ́ta ọdún, láìsí ẹnikẹ́ni tó san owó fún un. Ká ní wọ́n dé lẹ́yìn tó ti kú ńkọ́?

Èyí ni mo fi ń sọ pé àìsí ìmọ̀ kọ́ ló ń ṣe wá. Ìmọ̀ wà ní àwọn agboolé alágbẹ̀dẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ilé tó ń ki ọkọ wọn, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìjòyè. Ohun tó ń ṣe wá ni pé ẹni tó ń díye lé udà kì í lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà kan náà sì ń dá kún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló rọ udà yìí, wọ́n á ní awo ni. Mo mọ̀ pé awo wà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí ọmọdé kò gbọdọ̀ dé, ẹ fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ alágbẹ̀dẹ kì í ṣe awo. Àdúgbò tí ilé arọ́ rẹ̀ wà kì í ṣe awo. Nígbà tí bàbá bá fi awo bo gbogbo rẹ̀, tí ó sì kú, ọmọ rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan ni yóò gbé udà náà fún oníṣòwò, oníṣòwò á sì fi irọ́ tirẹ̀ dí àlàfo náà.

Ó ku ìbéèrè tó le jù, èyí tí àwọn òǹrajà orí Instagram kì í fẹ́ gbọ́: ṣé ẹni tó ń tà á ló ni ín? Udà tí bàbá yín rọ fún ara rẹ̀ kó lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ nílé, ogún yín ni. Udà oyè ńkọ́? Ẹni tó jẹ oyè kan ló ń gbé e, títí ẹlòmíràn yóò fi jẹ ẹ́. Ọmọ olóyè kò ní in, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọba kò ṣe lè gbé adé lọ sọ́jà. Mo ti gbọ́ nípa ilé tí wọ́n ti fi owó udà oyè sin òkú ẹni tó gbé e kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá yan ẹlòmíràn sórí oyè náà, ọwọ́ òfìfo ló fi jáde lọ́jọ́ ọdún.

Òfin ìjọba náà kò dákẹ́. Òfin tó dá àjọ musíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, ó sì tún ka èyí tó níye lórí nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti lò fún ètò ìbílẹ̀ mọ́ ọn, ìgbàkígbà tí ì báà jẹ́ tí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó ló lè ra irú rẹ̀, àwọn tí àjọ náà fún láṣẹ ni, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé. Ẹ tún ẹ̀ka kejì òfin yẹn kà. Udà oyè tí wọ́n rọ ní 1950, tí wọ́n fi jó lọ́jọ́ ọdún, òfin rí i. Nínú gbogbo àwọn tó ń díye lé udà tí mo ti mẹ́nu bà, òfin yìí nìkan ló béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé ìjọba ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Bí udà kan bá wà nílé yín lónìí, ní Ìsìnkàn tàbí ní Ìjọ̀kà, ní Oǹdó tàbí ní Ìdànrè, ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà, èèkù, ojú, àkọ̀, ẹ̀yìn àti iwájú, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí èèkù bá ń mì, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé, ìyá àgbà sàn ju bàbá àgbà lọ fún iṣẹ́ yìí, torí àwọn ló ń ki oríkì. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn, ẹ wá béèrè pé: ta ló rọ ọ́, ilé arọ́ ibo, ta ló kọ́kọ́ gbé e, oyè wo, ṣé wọ́n ti tún ojú rẹ̀ rọ rí, ìgbà wo ni wọ́n gbé e jáde kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ti alágbẹ̀dẹ, ẹ béèrè ilé tí wọ́n máa ń gbé ọkọ́ lọ nígbà náà tó bá ti kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ náà ni.